Radiolab: Ètò Tó Ń Fi Ohùn Ya Àwòrán

Bí ẹ bá bi mí léèrè pọ́díkáàsìtì tó yẹ ní gbígbọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, Radiolab ni màá kọ́kọ́ dárúkọ. Iléeṣẹ́ rédíò WNYC ní New York ni Jad Abumrad ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2002. Olórin ni, ó sì hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí tí wọ́n ṣe lórí àwọ̀ lọ́dún 2012. Báwo lèèyàn ṣe ń fi àwọ̀ han ẹni tó jẹ́ pé etí nìkan ló ń lò? Ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n kó jọ! Ohùn ìwọ̀nba ni wọ́n fi ṣe àwọ̀ tí ajá ń rí, ti ènìyàn kún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tó wá kan ẹranko inú òkun tí wọ́n ń pè ní mantis shrimp, tí ojú rẹ̀ ní oríṣi ẹ̀yà 12 tó fi ń mọ àwọ̀, níbi tí tiwa ti jẹ́ 3 péré, gbogbo akọrin hó yèè. Orí mi wú. Irú ìmọ̀ báyìí kì í kúrò lọ́kàn ẹni bọ̀rọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, dátà nìkan lẹ ó sì ná. Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá a, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì yín gbọ́ ọ.