Iyọ̀ Tó Sá Pamọ́ Sínú Ọbẹ̀

Bí ènìyàn bá bi ìyá olóúnjẹ l'ọ́jà bóyá iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ jù, kíá ni yóò fèsì pé, "Iyọ̀ wo? Ìwọ̀nba tí mo fọwọ́ bù náà ni!" Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ èyí tó fọwọ́ bù nìkan ló kà. Èyí tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kò sí nínú ìṣirò rẹ̀.

Magí ni olórí wọn. Ìdajì magí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iyọ̀ ni. Horo kan tó wúwo tó gíráàmù 4, iyọ̀ inú rẹ̀ á tó bíi gíráàmù 2. Bí mẹ́fà bá wọ ìkòkò, gíráàmù 12 ti wọ̀ ọ́ kí ìyá tó ṣí agolo iyọ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní iyọ̀ tí àgbàlagbà kan yóò jẹ láti àárọ̀ di alẹ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5. Kò kún ṣíbí kékeré tí wọ́n fi ń ro tíì!

Ẹ wá wo bíríkìlà tó fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà láàárọ̀. Iyọ̀ wà nínú búrẹ́dì, ṣúgà ni kò jẹ́ kí ahọ́n mọ̀ ọ́n. Kaun tó mú ẹ̀wà tètè rọ̀ ńkọ́? Kaun kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀, ṣùgbọ́n sodium tí àwọn dókítà ń torí rẹ̀ kìlọ̀ iyọ̀ fún ènìyàn wà nínú òun náà. Lọ́sàn-án, ó jẹ indomí, ó tú gbogbo ọ̀rá kékeré inú rẹ̀ sí i; iyọ̀ ló kún ibẹ̀. Lálẹ́, ẹja oníyọ̀ ló fi jẹ ẹ̀bà. Kò fọwọ́ kan iyọ̀ l'ọ́jọ́ náà o, iyọ̀ ọjọ́ méjì sì lè ti wọ inú rẹ̀.

Iyọ̀ a máa fa omi mọ́ra. Bó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, omi á pọ̀ níbẹ̀, iṣan á kún, ọkàn á máa fi agbára tì í. Ẹ̀jẹ̀ ríru dé nìyẹn. Kì í sábà dun ènìyàn. Ẹlòmíràn kò ní mọ̀ títí ẹnu á fi yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá àti ẹsẹ̀ kan á kọṣẹ́. Ará ilé á ní ayé ló ṣe é, wọn ò ní yẹ ìkòkò ọbẹ̀ wò.

Kò sẹ́ni tó ní kí ọbẹ̀ tẹ́. Àlùbọ́sà ń bẹ, ata ń bẹ, aáyù, atalẹ̀ àti ẹ̀fínrín ń bẹ. Bí magí bá ti wọlé, kí wọ́n tọ́ ọbẹ̀ wò ná kí wọ́n tó bu iyọ̀. Kí wọ́n rẹ ẹja oníyọ̀ sómi, kí wọ́n da omi náà nù. Kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀; láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ahọ́n á ti mọ́ ọn lára. Kí t'ọkùnrin t'obìnrin sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bó bá ń tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ lemọ́lemọ́, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Ìyá olóúnjẹ gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Oníbàárà tí ara rẹ̀ bá le ló ń padà wá rà l'ọ́la.