AJÁ TÍ EBI Ń PA KÒ LÈ ṢỌ́ ỌJÀ WA

 

Ní ìpàdé tó kọjá, bí a ṣe dárúkọ owó oúnjẹ ajá báyìí, ariwo ta. Àwọn kan ní, "Ṣé ajá lẹ fẹ́ ká máa bọ́ ni, nígbà tí àwa fúnra wa ò tíì jẹun yó?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní kí á lé àwọn ajá náà dànù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá, a ò sì lè gbé e mì. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ́ sílẹ̀. Kí olúkúlùkù kà á. Ẹni tí kò bá lè kà, kí ó fún ọmọ ilé ìwé kí ó kà á sí i létí, kí ìpàdé mìíràn tó dé.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Bí a bá ti ti ìsọ̀ pa lálẹ́, ta ní ń ṣọ́ ọjà yìí? Bàbá ọlọ́dẹ méjì péré la ní, àgbà sì ti dé sí wọn. Ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ni ọjà wa ní. Ajá mẹ́rin ló ń bá wọn ṣọ́ ọ. Gbogbo yín lẹ mọ Tanímọ̀la tó máa ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aláṣọ. Bí ó bá gbó lẹ́ẹ̀mejì lóru, bàbá ọlọ́dẹ ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ àjèjì ti wọlé nìyẹn.

Nígbà tí a dáwọ́ owó ajá dúró fún oṣù méjì, kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn ajá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí àkìtàn ẹ̀yìn gáréèjì lóru láti wá ohun tí wọ́n máa fi sẹ́nu. Òru ọjọ́ kan tí wọ́n lọ báyìí ni olè já àgádágodo ìsọ̀ mẹ́ta. Wọ́n kó àpò ìrẹsì, wọ́n kó kẹ́ẹ̀gì òróró. Ajá kankan ò sí nítòsí tó máa gbó. Ẹ ṣírò ohun tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá mẹ́ta yẹn, kí ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ igba náírà (₦200) tí a ń bèèrè lọ́sẹ̀. Igba náírà lónìí, kí ló lè rà? Búrẹ́dì gidi kan kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ ọgọ́fà (120) la jẹ́. Bí gbogbo wa bá dá a, ₦24,000 ni lọ́sẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Àwọn kan á ní, "Ajá ló ni àkìtàn, yóò rí jẹ fúnra rẹ̀." A gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà ní àkìtàn, ṣé oúnjẹ ni? Àgbàdo tó ti bu, ẹ̀pà tó ti bu, májèlé wà nínú rẹ̀ tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ti ajá àti ti ènìyàn. Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé àkìtàn ni ajá tiwa ti ń bá ajá tí a kò mọ̀ rí jà. Ibẹ̀ ni àrùn dìgbòlugi ti lè wọ̀ ọ́. Ajá tí dìgbòlugi bá mú, tó sì bu ọmọ wa jẹ nínú ọjà ńkọ́? Bí àrùn yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀, kò sí oògùn tí ń wò ó. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ká má bọ́ ajá, ààbò ọmọ tirẹ̀ náà ló ń tà lọ́pọ̀. Ajá tó bá yó máa ń dúró sí ojú iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní, bí a bá fẹ́ bọ́ ajá dáadáa, àfi ká lọ ra oúnjẹ òyìnbó inú ọ̀rá, èyí tó máa ń gbẹ wórówóró. A ò bú oúnjẹ yẹn. Ó dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ wa. Ṣé kí oúnjẹ òyìnbó tó dé ni ajá tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni? Àwọn ọdẹ baba wa, kí ni wọ́n ń fún ajá wọn jẹ? Inú ọjà la wà, ẹ̀yin èèyàn wa. Gbogbo ohun tí ajá ń jẹ, àwa la ń tà á.

Ẹ wá wò ó bó ṣe rí. Ajá kì í ṣe ewúrẹ́. Èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀. Bí ẹ bá ń fún un ní ẹ̀bà lásán lójoojúmọ́, ikùn á kún, ara ò ní le. Ẹran tàbí ẹja ló ń fún ajá lágbára. Nínú abọ́ ajá, kí bí ìdajì jẹ́ ẹran tàbí ẹja. Kí ìyókù jẹ́ ìrẹsì, ẹ̀kọ tàbí iṣu sísè, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ díẹ̀ àti epo pupa ìwọ̀nba. Ẹ̀wà tó jinná dáadáa náà wúlò ní ọjọ́ tí ẹran bá wọ́n. Ajá àgbà ń jẹ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ọmọ ajá ń jẹ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ajá tó bá wúwo tó kìlò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, oúnjẹ bí 300 sí 450 gíráàmù ló máa jẹ lóòjọ́. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa kò ní jẹ tó kìlò méjì pọ̀. Èwo ló wá pọ̀ níbẹ̀ tí ariwo fi ta?

Ẹ̀yin alápatà, fùkù, ìfun àti ẹran wẹ́wẹ́ tó ń ṣẹ́kù sórí tábìlì yín, ẹ má jù ú sí gọ́tà mọ́. Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, orí ṣawá àti èyí tó já lára ẹja, ẹ bá wa kó o pa mọ́ kó tó rà. Èyí tó bá ti rà, ẹ má fún ajá, ikùn tiẹ̀ náà máa ń run. Kí a se gbogbo rẹ̀ kó jinná, nítorí kòkòrò wà nínú fùkù àti ẹ̀dọ̀ tútù. Ẹ̀dọ̀ pàápàá, díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ̀yin ẹlẹ́yin, èèpo ẹyin tí a bá sá tó gbẹ, tí a lọ̀ kúnná, ṣíbí kékeré díẹ̀ nínú rẹ̀ ń mú egungun ajá le.

Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ̀yin la fẹ́ bẹ̀ jù. Ẹ̀ṣẹ́kù ọbẹ̀ ata kì í ṣe oúnjẹ ajá. Àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, yálà tútù tàbí sísè. Iyọ̀ àti ata inú ọbẹ̀ náà kò dára fún un. Ẹ bu ẹja àti ìrẹsì tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó da àlùbọ́sà sí i. Egungun adìẹ tí a ti sè tàbí tí a dín, èèwọ̀ ni! Ó máa ń fọ́ ṣọ́nṣọ́, ó sì lè gún ìfun.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ tiwa. Àwa olóyè la jẹ̀bi ikú ajá karùn-ún. Lẹ́yìn àríyá ìparí ọdún, àwa la kó egungun adìẹ dà sílẹ̀ fún wọn, a rò pé oore la ṣe. Ọjọ́ kẹta, ajá náà kú. A ò mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí a ti mọ̀, bí a bá tún ṣe é, ìkà ni.

Ẹ má gbàgbé omi tútù o. Kí abọ́ omi wà ní ẹnu ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Nínú owó yìí kan náà la ó ti máa yọ ti abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún àti ti oògùn aràn. Bí ajá bá sì bu ẹnikẹ́ni jẹ, tiwa tàbí ti ìta, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì sáré lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi àgbo dá a dúró.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ó dìbò lórí ₦200 yìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ san, kí ó dìde, kí ó sọ ẹni tí yóò máa gbó fún ìsọ̀ tirẹ̀ lóru. Iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó bá fẹ́: a ń wá ẹni mẹ́ta tí yóò máa gba iná sísè jẹ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, a sì ń wá ìkòkò ńlá kan. Ajá tó léni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Ẹ jẹ́ ká wà lẹ́yìn tiwa.

Ọjà á tà, olè ò ní jà wá o. Àṣẹ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, fún gbogbo olóyè