Ọba Méjì Láàfin Kan: Ẹjọ́ Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

Ọba kì í pé méjì láàfin, ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà, méjì ni wọ́n. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ń jẹun nídìí iṣẹ́ ìwé títẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ o.

Ọba kìíní ni ètò tí wọ́n fi ń kọ ìwé, bíi Word. Ó níbi tí ẹ ti máa sọ irú pépà àti iye ẹ̀dà tí ẹ fẹ́. Ọba kejì ni ètò tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Dírẹ́bà ni wọ́n ń pè é, àmọ́ kì í ṣe ti mọ́tò! Òun náà níbi tó kọ irú pépà àti iye ẹ̀dà sí. Bí ohùn wọn ò bá ṣọ̀kan, adìẹ bà lókùn nìyẹn.

Ẹ wo pépà. A4 ni wọ́n ń lò ní Nàìjíríà: mìlímítà 210 ní ìbú, 297 ní gígùn. Jámánì ló fìdí ìwọ̀n yìí múlẹ̀ lọ́dún 1922, Jámánì kan náà tó gba ilẹ̀ Mahin sábẹ́ ààbò lọ́dún 1885 kó tó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Amẹ́ríkà ò bá wọn lò ó. Letter ni tiwọn, 216 sí 279. Bí Word bá ní Letter, tí dírẹ́bà ní A4, ẹ̀rọ lè dúró gbagidi, kí iná rẹ̀ máa ṣẹ́jú.

Ní Mahintẹ̀dó, létí omi Ìlàjẹ, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Jẹnẹrétọ̀ ń jẹ epo, ọmọ iléèwé ń dúró de fọ́ọ̀mù, ọlọ́kọ̀ ń ké pe èrò. Kíá ni wọ́n á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, wọ́n á gbé e tọ alátùn-únṣe lọ. Owó á lọ, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò ṣe ẹ̀rọ.

Ẹ̀dà ń kọ́? Ẹ ní 2 nínú Word, ẹ ti gbàgbé 2 tí ẹ sọ fún dírẹ́bà lánàá. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn á tẹ 4. Bí àwọn méjèèjì bá sì ń dín ìwé kù sí ìdá 90 nínú 100, ìdá 81 péré ló máa jáde.

Ta ló wá lágbára jù? Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí Word bá sọ lásìkò títẹ̀ ló ń borí. Ti dírẹ́bà ni àṣà tó wà nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ wọ Printing preferences nínú Windows, ẹ fi dírẹ́bà sí A4, ẹ̀dà 1, ojú kan, ìdá 100. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu Word nìkan ni kí àṣẹ yòókù ti máa jáde. Bí Word bá ti wà ní ṣíṣí, ẹ pa á dé, kí ẹ tún un ṣí. Kí ẹ tó tẹ ọgọ́rùn-ún ewé, ẹ tẹ ẹyọ kan wò ná.

Kí ẹ má tíì bú ẹ̀rọ o. Ẹ kọ́kọ́ wò ó: ọba wo ló ń pàṣẹ?