Bí ọlọ́pàá bá wọlé láìní ìwé àṣẹ, kí onílé má ṣe lù ú

Kò sí ohun tó ń bí onílé nínú bíi kí ènìyàn já wọ yàrá rẹ̀ láìkágò. Bí ó bá wá jẹ́ pé ọlọ́pàá ni, lóru, tí wọ́n ń tú àpótí, tí ìyàwó àti ọmọ ń ké, ọ̀pọ̀ baálé ilé ni ọwọ́ rẹ̀ yóò fẹ́ lọ síbi àdá. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lè di ọ̀daràn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Òfin kò fi onílé sílẹ̀. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dáàbò bo ilé olúkúlùkù ọmọ Nàìjíríà. Bí ọlọ́pàá bá fẹ́ yẹ ilé wò, ilé ẹjọ́ ló yẹ kí wọ́n ti gba ìwé àṣẹ. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 tún ní kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá ń lé ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti mú, tó sì nídìí láti gbà pé ilé kan ló sá wọ̀, ó lè wọlé láìsí ìwé náà. Báwo ni onílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta jí yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́? Bí ó bá sì lu ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́, abala 356 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tó ti wà láti ọdún 1916 ní ó lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura.

Lóòótọ́, lọ́yà lè sọ ní kóòtù pé ọlọ́pàá tó rú òfin kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n onílé lè ti pẹ́ ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó dórí ìyẹn. Bí ó bá ti ṣá ènìyàn ní àdá, ẹ̀sùn mìíràn nìyẹn. Ìbínú kò da nǹkan fún ni.

Kí onílé béèrè ìwé àṣẹ. Kí ó sọ ọ́ ketekete pé òun kò fọwọ́ sí i. Kí ó pe aládùúgbò, kí ó kọ nọ́ńbà ọlọ́pàá àti ohun tí wọ́n kó sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ó wá lọ́yà lọ. Ẹni tí kò lówó lè lọ bá àjọ Legal Aid Council.

Ọ̀nà kóòtù kò tẹ́jú. Lẹ́yìn tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS ya wọ ilé Sunday Ìgbòho ní Ìbàdàn ní oṣù Keje, ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga Ọ̀yọ́ ní kí wọ́n san 20 bílíọ̀nù náírà fún un, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e lọ́dún 2022. Síbẹ̀, ẹni tó lọ sí kóòtù ló ń fẹ̀sùn kan ìjọba. Ẹni tó lu ọlọ́pàá, òun ni ìjọba ń fẹ̀sùn kàn.

Kí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá náà má rò pé onílé nìkan ni ìmọ̀ràn wà fún. Ìwé àṣẹ ń dáàbò bo ọlọ́pàá pẹ̀lú. Ọmọọṣẹ́ wọn tó bá já ilẹ̀kùn láìní i gbọ́dọ̀ jìyà rẹ̀ ní gbangba. Bí ará ìlú bá fẹjọ́ sùn títí tí kò rí ẹni gbọ́ ọ, a ò lè máa bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó fi àdá sílẹ̀.