Ẹ Má Tíì Ju Aṣọ Ẹbí Yẹn Nù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ẹ gbọ́. Bí epo ọbẹ̀ bá ti ta sí léèsì funfun lóde àríyá báyìí, àpò ìdọ̀tí ni ẹ ń kó o sí. Owó tí ìyá yín fi rà á ńkọ́?

Ọ̀rá ni epo pupa, omi nìkan kò lè mú un. Ẹ po baking soda mọ́ ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ kó ki, ẹ fi ra ojú ibẹ̀ kí aṣọ tó kan omi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́. Bó bá ṣẹ́ku àwọ̀ bí ọsàn, ẹ sá a sóòrùn. Oòrùn a máa pa àwọ̀ epo. Àwọn ìyá wa mọ èyí tipẹ́. (Oòrùn ibí kò le tó ti Ìbàdàn, ẹ ní sùúrù.) Ẹ má gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ kí àbàwọ́n tó lọ, ooru rẹ̀ yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé bílíìṣì lọ̀pọ̀ yín ń sáré mú. Yóò bó aró àdìrẹ, yóò sì jẹ sányán. Àwọn kan tún ń da fínígà mọ́ ọn kó lè lágbára. Gáàsì chlorine, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ni wọ́n ń pò yẹn, nínú balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé! Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣe é, kó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó jáde síta kíá.