Ta Ni Yunifásítì ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ní ọdún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n tuntun máa ń ṣe, ní Yunifásítì Èkó. Ó pe àkọlé rẹ̀ ní "Artificial Boundaries". Ọ̀rọ̀ ààlà ni: irú ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi àdéhùn 1889 fà la ilẹ̀ Yorùbá já, tí Kétu fi bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ tí ó wà lábẹ́ Kétu sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìdí-Ìrókò gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni a fi sọ ọ́, Èkó ni a sì ti sọ ọ́.

Ẹ̀bi olùwádìí kọ́. Àṣà yunifásítì wa ni. Lónìí tí wọ́n ń gba irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ìṣègùn ni o, ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ni o, Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè Ìdí-Ìrókò pa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kẹrin 2022, ta ni ìtàn ààlà ì bá wúlò fún ju oníṣòwò tí ẹbí rẹ̀ wà ní òdìkejì lọ?

Àwọn kan á ní Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Kí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe ní Ifẹ̀ láti 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún 6 gbáko?

Fóònù kan tó láti gba ohùn sílẹ̀. Kí yunifásítì sọ ọ́ di dandan pé ẹni tí ó bá ṣèwádìí ní agbègbè Ìpókíá yóò fi ìṣẹ́jú 20 ròyìn àbájáde rẹ̀ ní Yorùbá tàbí ní Ègùn, kí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ sì rí i lò ní kíláàsì.