Ẹ̀rọ Tó Ń Wá Ẹja: Ta Ló Yẹ Kó Rà Á?

Ẹ̀yin apẹja, ọ̀rọ̀ òní kàn yín. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń yan ẹja, tó ń gbé e lọ sọ́jà Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ òní kàn yín pẹ̀lú, torí pé nínú owó èésú yín ni àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn ti ń yá owó tí wọ́n fi ń ra irinṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kékeré kan ni, olójú bíi ti tẹlifóònù, tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní sondeur. Àwọn tó ń tà á ní ó ń fi ẹja hàn lábẹ́ omi. Òótọ́ ni, ó ń fi hàn. Ṣùgbọ́n èrò tiwa rèé: ẹni tó ń pẹja lórí ọ̀sà kò nílò rẹ̀. Ẹni tó ń lọ sójú òkun lè rà á, bó bá ti kọ́kọ́ ra ohun tó ṣe pàtàkì jù ú lọ. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ẹ ti rí ẹni tó dúró níwájú òkè, tó pariwo, tí ohùn rẹ̀ sì padà wá bá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní orí kékeré kan tí wọ́n ń rì bọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Orí yìí ń rán ohùn tí etí wa kò lè gbọ́ lọ sísàlẹ̀. Nínú omi, ohùn ń sáré tó bíi mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá kan ilẹ̀, á padà. Bó bá kan ẹja náà, á padà, pàápàá torí àpò afẹ́fẹ́ tó wà nínú ikùn ọ̀pọ̀ ẹja. Ẹ̀rọ á ṣírò àkókò tí ohùn fi lọ tó fi bọ̀, á wá ya ìjìnlẹ̀ omi àti ohun tó wà láàárín sójú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí o. Èyí tí owó rẹ̀ kéré, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ nìkan ló ń wò. Ìbú ibi tó ń rí sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìjìnlẹ̀ omi. Bí omi bá jin mítà 30, ó ń rí ibi tó fẹ̀ tó bíi mítà 10. Bí omi bá jin mítà 1 àbọ̀, ibi tó ń rí kò ju ìdajì mítà lọ. Ọkọ̀ yín fúnra rẹ̀ lè fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tó wà lórí ọ̀sà Nokoué mọ̀ pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀ kò jin ju mítà 2 lọ. Ọ̀pá lẹ fi ń ti ọkọ̀. Ibi tí ọ̀pá bá ti ń kan ilẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi owó ra ẹ̀rọ tí yóò sọ fún yín pé ilẹ̀ wà níbẹ̀? Ẹ tún wo acadja, igbó ẹ̀ka igi tí a rì sómi kí ẹja lè forí pamọ́ sí. Ẹ̀rọ kékeré kò lè mọ ẹ̀ka yàtọ̀ sí ẹja níbẹ̀. Ẹja kékeré tó ń yà sójú ẹ̀rọ, àfojúsùn lásán ni: ẹ̀ka, ọ̀rá àti èéhó omi lè di ẹja lójú rẹ̀. Kò sì lè sọ irú ẹja tó jẹ́.

Tójú òkun yàtọ̀. Ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja lórí àpáta nílò láti mọ ibi tí ilẹ̀ ti gbé sókè. Nítorí náà, bí ẹ bá máa rà á, ẹ ra èyí tó ní GPS. Ẹ ó fi sàmì sí orí àpáta, ẹ ó sì fi mọ ọ̀nà ilé nígbà tí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run. Lójú tèmi, ọ̀nà ilé yẹn níye lórí ju àwòrán ẹja lọ.

Èyí tó kéré jù lára àwọn tó lórúkọ, bíi Garmin, Lowrance àti Humminbird, ń tó bíi 100 sí 150 dọ́là lókè òkun. Ìyẹn súnmọ́ 60,000 sí 90,000 fráǹkì, kí wọ́n tó ka owó ọkọ̀, owó aṣọ́bodè àti èrè ọlọ́jà mọ́ ọn. Ẹ fi bátìrì volt 12 àti ohun tí ẹ ó fi gba iná sí i kún un.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nǹkan mẹ́rin. Ṣé orí tó ń wọ omi wà nínú páálí, ṣé tirẹ̀ gan-an ni? Ṣé ojú rẹ̀ ṣeé kà nínú oòrùn ọ̀sán? Ṣé wọ́n kọ IPX7 sí i, ìyẹn pé ó lè wà nínú omi tó jin mítà 1 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú? Ṣé ó ń sọ Faransé tàbí èdè tí ọmọ ilé yín lè kà? Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ọlọ́jà jẹ́ kẹ́ ẹ dán an wò lójú omi. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ wọn omi. Bí okùn àti ẹ̀rọ kò bá fẹnu kò, ẹ dá a padà. Tẹ́ ẹ bá gbé e délé, ẹ so orí rẹ̀ mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kó jìnnà sí ibi tí mọ́tò ti ń ru omi, torí èéhó kì í jẹ́ kí ohùn kọjá.

Ẹni tówó rẹ̀ kò tó ńkọ́? GPS inú tẹlifóònù ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ẹ gbé e sínú àpò tómi ò lè wọ̀, kí ẹ sì gba iná sí i kó kún kẹ́ ẹ tó kúrò létí òkun.

Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì ló ṣáájú gbogbo rẹ̀. Bí èèyàn mẹ́fà bá wà nínú ọkọ̀, tí ẹ̀wù méjì péré wà, ẹni tó lọ ra sondeur ti fi owó ẹ̀mí ra àwòrán. Ẹ̀yin ìyá tó ń yá wọn lówó, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè: “Ẹ̀wù mélòó ló wà nínú ọkọ̀ yín?” Ẹ béèrè kí ẹ tó ka owó fún wọn.

Ní ìpàdé yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jíròrò èyí: báwo ni omi tí ẹ ti ń pẹja ṣe jin tó? Ẹja mélòó lẹ ó tà kí gbèsè ẹ̀rọ tó tán? Ṣé ọkọ̀ mẹ́ta tó ń jáde pọ̀ kò lè dáwó ra ẹyọ kan? Ẹ fi èsì yín ránṣẹ́ sí wa. Kí omi má gbé wa lọ o.